Ọwọ́ Kẹta Lórí Àká

Òkúta kìíní ti fọ́, Ṣànúsí sì ti gbé àáké sókè sí èkejì, nígbà tí Ajíbọ́yè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá lábẹ́ okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, tó wọ àgbàlá ọmọ rẹ̀. Oòrùn ti mú. Eérú tútù tó wà láàrin ààrò ń fò ní gbogbo ìgbà tí irin bá balẹ̀. Ó ti kun Ṣànúsí lójú láti iwájú orí dé àgbọ̀n, àfi ibi tí òógùn ti la ọ̀nà gbà.

"Ṣànúsí."

Ọkùnrin náà kò wẹ̀yìn. Ó sọ àáké kalẹ̀, òkúta kejì sì là sí méjì bí ìgbà tí egungun bá ṣẹ́.

"Ṣànúsí, ààrò ọmọ mi lò ń fọ́ yẹn."

"Mo mọ̀, Bàbá Ládélé. Ẹ kú àárọ̀ o." Èémí rẹ̀ ń já. "Ọ̀kan ló kù. Ẹ jẹ́ kí n fọ́ ọ tán, ká lè jọ sọ̀rọ̀."

Abẹ́bí, opó Ládélé, dúró dí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó pọn ọmọ ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì fi apá kan ti Ìbídùn, ọmọ rẹ̀ àgbà, mọ́ ògiri lẹ́yìn ara rẹ̀. Ètè òkè rẹ̀ ti là. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn dé àgbọ̀n, ó sì ti ń gbẹ, kò nù ún. Ajíbọ́yè rí i, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe òkúta ni Ṣànúsí kọ́kọ́ lù láàárọ̀ yìí.

"Mo ní kó jẹ́ kí n gbé ìkòkò mi kúrò níbẹ̀, Bàbá," ni Abẹ́bí wí. "Ó ní ìkòkò òfìfo, kí ni mo fẹ́ gbé."

Lẹ́yìn ọgbà, ojú pọ̀ bí ewé. Gbogbo abà Ìdí-Igbá ló ti jáde, kò sì sí ẹni tó wọlé. Làmídì káfíńtà, ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀ ju Ṣànúsí lọ, ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá ọgbà kí ìyàwó rẹ̀ tó dì í lẹ́wù mú.

"Làmídì! Ṣé ààrò tìrẹ nìyẹn?"

"Ó máa pa obìnrin yẹn."

"Mo ní ṣé ààrò tìrẹ ni? Ẹni tó bá la ìjà ààrò ẹlòmíràn, ṣé o kò mọ ohun tó ń ṣe é? Ṣé o fẹ́ kí àká panu mọ́ àwa náà ni? Wo òkè!"

Làmídì wo òkè. Àwòdì wà níbẹ̀. Irin tó ń ṣọ́ ilé fún àká ni, ṣùgbọ́n orúkọ ẹyẹ ni wọ́n ń pè é. Ó rọ̀ sójú kan lókè àgbàlá náà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ, ó ń kùn bí oyin. Làmídì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ó sì bojú wolẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò wá sílé mi?" Ajíbọ́yè bi Ṣànúsí. "Èmi ni àgbà ààrò wa. Bí ìjà bá wà, èmi ló yẹ kí o bá jà."

"Mo wá lánàá. Mo wá níjẹta. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín níwájú àká lójú gbogbo ayé, pé kí ẹ gbé ọwọ́ yín lé e pẹ̀lú tèmi, ká yọ ilé yìí kúrò nínú ààrò wa, kí ilé méjì tó kù lè jẹun. Ẹ ní rárá. Ẹ ní kí n ní sùúrù." Ó yí padà wàyí. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò sí omi nínú rẹ̀. "Mo ní sùúrù. Mútíátù kú ní ìdájí."

Ẹnì kan lẹ́yìn ọgbà kígbe, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ajíbọ́yè na ọwọ́ di òpó ìloro mú. Mútíátù ni àbíkẹ́yìn Ṣànúsí. Kò tíì pẹ́ tó ń dá rìn kọjá wá sílé rẹ̀, tó ń fà á ní irùngbọ̀n, tó ń bi í bóyá ewúrẹ́ ni.

"Ṣànúsí. Ọlọ́run á..."

"Ẹ má pè é. Àgbà ni yín. Ẹ wà lọ́jà, orí ọmọ mi wọ́, ẹ ń wò ó. Kì í ṣe Ọlọ́run ni mo wá bá. Ọwọ́ yín ni mo wá gbà."

Àká náà hàn láti àgbàlá. Kò sí ibi tí kì í ti í hàn. Àárín abà ló dúró sí, ó funfun, ó ga ju igi igbá tí wọ́n fi sọ abà lórúkọ lọ, kò sì ní ìlẹ̀kùn. Awo irin kan ló wà ní ìdí rẹ̀, tó fẹ̀ tó àtẹ gàrí. Ibẹ̀ ni olórí ilé mẹ́ta tí òfin so pọ̀ bí òkúta ààrò ti máa ń gbé ọwọ́ lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ẹnu rẹ̀ á là, ìyẹ̀fun á ṣàn, omi á ṣàn, oògùn ẹni tó ń ṣàìsàn á jábọ́. Bí ọ̀kan bá dín, kò sí nǹkan. Àwọn tó ṣe òfin náà ní ìgboro ní ọgbọ́n àwọn baba wa ni àwọn yá lò, pé ṣebí ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń ta ẹrù fún ẹni tó ni ín.

Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé Ṣànúsí kò fẹ́ràn Ládélé. Ilẹ̀ ti gbẹ débi pé ẹni tó bá ń wá omi ní láti gbẹ́ dé ibi tí baba rẹ̀ kò dé rí, ibẹ̀ sì ni Ládélé wà nígbà tí kànga wó lé e. Ṣànúsí ni kò dúró de okùn. Òun ló bẹ́ sínú ihò náà, tó fi ọwọ́ òfìfo wa iyẹ̀pẹ̀ títí èékánná fi bọ́, tó gbé òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde léjìká. Òun náà ló ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ agbẹ́kànga ní abà Ọ̀sìn. Ní àwọn abà wọ̀nyí, ẹni tó ń sunkún kì í fẹ́ná: wọn a pa iná ilé ọlọ́fọ̀ títí di ọjọ́ kẹjọ, àwọn ẹlòmíràn á sì máa gbé oúnjẹ wá. Ẹgbẹ́ agbẹ́kànga ru iṣu àti ọbẹ̀ lórí, wọ́n tò bọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n ń sunkún. Àwòdì rọ̀ sókè wọn láti abà Ọ̀sìn títí dé ẹnu ọ̀nà Abẹ́bí.

Nígbà tí ọjọ́ àká pé, tí ọwọ́ mẹ́ta wà lórí awo, ẹnu àká kò là. Ohùn rẹ̀ ló jáde, ohùn obìnrin tó ní ẹ̀kọ́.

"Ẹ kú ìdúró, ẹ̀yin ará ilé wa. Iná ilé Abẹ́bí ti kú, oúnjẹ sì ń wọlé fún un láti ìta. Ilé náà ti ní olùrànlọ́wọ́ mìíràn. Ẹ yọ òkúta tó ṣẹ̀, kí ẹ fi òmíràn dípò rẹ̀, kí ẹ̀yin tó kù lè jẹun."

Ajíbọ́yè bá irin sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ó ní òun sin ọmọ òun ni. Ó ní ọ̀fọ̀ ni.

"Mo bá yín kẹ́dùn," ni àká wí. "Ọ̀fọ̀ kò sí lára ohun tí mo lè wọ̀n."

Láti ọjọ́ náà ni ebi ti ń pa ilé mẹ́ta. Ìyá Ládélé, ìyàwó Ajíbọ́yè, ti dùbúlẹ̀, nítorí oògùn ọkàn rẹ̀ ti tán, ètè rẹ̀ sì ti ń dúdú bí aró. Ní àárọ̀ yìí gan-an ló di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Ó ní, "Má gbé ọwọ́ lé e. Bí o bá lé àwọn ọmọ Ládélé jáde kí n lè rí oògùn gbé mì, mo máa tu ú sí ọ lójú." Ajíbọ́yè ti ń ronú nípa ìgboro, nípa ilé gogoro tí wọ́n ń kó àwọn tí kò ní ààrò lọ.

"Bí mo bá gbé ọwọ́ mi fún ọ," ó bi Ṣànúsí, "níbo ni kí obìnrin yìí gbà?"

"Wọ́n á fi ọkọ̀ wá gbé e. Wọ́n ń jẹun níbẹ̀."

"Ta ni o mọ̀ tó lọ síbẹ̀ rí, tó padà wá sọ fún ọ pé wọ́n ń jẹun?"

Ṣànúsí gbé àáké bọ́ sí ọwọ́ kejì.

"Mo bi ọ́."

"N kò mọ ẹnì kankan! Ṣé ẹ ti gbọ́? N kò mọ ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí Mútíátù wà. Orí ẹní ló wà. Ìyá rẹ̀, Ṣìfáwù, ń wẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́." Ó fi ẹnu àáké tọ́ka sí ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé tó wà lọ́rùn ọwọ́ Ajíbọ́yè. Gbogbo olórí ilé ló ní irú rẹ̀; àká ni í fi í mọ̀ bí ọkàn wọn ṣe ń lù. "Ẹ pa ọwọ́ yín mọ́. N kò fẹ́ ẹ mọ́. Ilé tí ààrò rẹ̀ ti fọ́, tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, àwòdì á kà á sí ilé tó ti lọ. N óò sọ ọ́ di òfìfo fúnra mi."

"Lójú mi?"

"Ẹ dijú."

Ó yí padà, ó sì fọ́ òkúta kẹta.

Nígbà náà ló kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Abẹ́bí kò yẹ̀. Ó fi orí kàn án láyà, ó di ọwọ́ tó mú àáké mú, ó sì ki eyín bọ̀ ọ́. Ṣànúsí ké. Ó fi ọwọ́ kejì wọ́ ọ ní irun, ó fà á jáde sí gbangba, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń han gooro, ọ̀já sì ń tú. Ìbídùn yọ lẹ́yìn ògiri. Ó mú àfọ́kù òkúta ààrò ìyá rẹ̀ kan, ó sì sọ ọ́ mọ́ Ṣànúsí lójú. Kò tàsé. Ẹ̀jẹ̀ ru jáde lókè ojú ọkùnrin náà. Láì wò, ó ju apá sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ bá ọmọ náà ní ẹ̀bátí, Ìbídùn fò sókè, ó fi ẹ̀yìn balẹ̀ lára ògiri, ó sì jókòó síbẹ̀ bí bèbí tí wọ́n jù sílẹ̀.

"Yéè! Ó ti pa á!" ni wọ́n ń ké lẹ́yìn ọgbà. "Bàbá Ládélé, ẹ ṣe nǹkan!"

"Ẹ̀yin náà ẹ ṣe nǹkan!" Abẹ́bí ké sí wọn láti ilẹ̀. "Ṣé ojú nìkan ni Ọlọ́run fún yín ni?"

Ajíbọ́yè ti gbé ara lé Ṣànúsí láti ẹ̀yìn, ó ti fi apá há a lọ́rùn. Ní ìgbà èwe rẹ̀, apá yẹn ti gbé màlúù dè. Lónìí ebi wà nínú rẹ̀. Ṣànúsí gbọn ara bí ajá tó ti inú omi jáde, ó sì fi èrú àáké gún un ní ìhà. Ajíbọ́yè gbọ́ bí nǹkan ṣe já nínú ara rẹ̀. Èrú náà tún bà á níbì kan náà. Ó ṣubú, ó sì fi orúnkún balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ tí Abẹ́bí fi ń lọ ata nígbà tí ata ṣì wà.

Ọmọ ọlọ wà lórí rẹ̀. Òkúta dúdú ni, ó gùn tó apá ọmọdé, ọwọ́ àwọn obìnrin ti mú kó dán. Ajíbọ́yè gbé e pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ṣànúsí ti tún gbá Abẹ́bí ní irun mú. Ó ń wọ́ ọ lọ sí ojú ọ̀nà, sí apá igbó, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "Lọ. Mo ní kí o lọ. Máa lọ ná, jọ̀ọ́, máa lọ." Ajíbọ́yè fi ọmọ ọlọ gbá a ní eékún láti ẹ̀yìn. Eékún náà yẹ̀. Ṣànúsí wó lulẹ̀ bí igi tí wọ́n ti gé ìdí rẹ̀, àáké sì fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ balẹ̀ ní ìdí ọgbà, níbi tí ọwọ́ kò lè tó o.

Abẹ́bí rá lọ bá Ìbídùn. Ọmọ náà mí. Ó wú ikọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ìjà parí síbẹ̀. Ajíbọ́yè mọ̀ pé ó parí síbẹ̀. Ó dúró lókè Ṣànúsí, òkúta lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn ń kán sí i lójú. Ọkùnrin tó wà nílẹ̀ di eékún rẹ̀ mú. Ẹ̀jẹ̀ orí rẹ̀ ti pò mọ́ eérú, ojú rẹ̀ wá dà bí ohun tí wọ́n mọ láti inú amọ̀.

"Ó ti tó, Ṣànúsí."

"Kò tíì tó." Ṣànúsí ń mí bí ẹranko. Ó gbé ojú sókè, ìbínú ti kúrò nínú ojú náà, èyí tó kù níbẹ̀ sì burú ju ìbínú lọ. "N kò ní purọ́ fún ọ, Ajíbọ́yè. Bí o bá jẹ́ kí n dìde, mo máa padà wá. Bí kì í ṣe lónìí, á jẹ́ lọ́la. Ọmọ mẹ́ta ló kù fún mi."

Kò pè é ní Bàbá. Láti ìgbà tí Ṣànúsí ti ń fọ èdè, kò pè é ní Ajíbọ́yè rí.

Gbogbo abà ló mọ òfin náà. Òkúta tí wọ́n bá yọ, ọwọ́ méjì ló ń yọ ọ́. Ṣùgbọ́n òkúta tó bá fọ́ fúnra rẹ̀, bí olórí ilé kan bá kú, ẹ̀ṣẹ̀ ààrò á bá a lọ, àká á sì là fún àwọn tó kù bí wọ́n bá ti yan òmíràn. Ajíbọ́yè kò fẹ́ rántí rẹ̀. Ó rántí rẹ̀. Ó rántí ètè ìyàwó rẹ̀ tó ń dúdú. Ó rántí èékánná tó bọ́ lọ́wọ́ Ṣànúsí nínú kànga, ó sì rí i pé èékánná náà kò tíì hù tán lórí ọwọ́ tó fi di eékún mú.

Ó gbé ọmọ ọlọ sókè, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ sí àtàrí ọkùnrin náà.

Ó tún gbé e sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Èkejì kò pọn dandan.

Lọ́rùn ọwọ́ Ṣànúsí, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé di funfun.

Lókè, àwòdì dúró díẹ̀, ó yí po àgbàlá náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì fò lọ sí ilé mìíràn. Ẹ̀fín àti oúnjẹ ni wọ́n kọ́ ọ láti máa wò. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ.

Agogo àká bẹ̀rẹ̀ sí í dún, agogo tó dùn létí bíi ti ilé ẹ̀kọ́. "Ààrò Ajíbọ́yè," ohùn obìnrin náà gba gbogbo abà kan, "òkúta kan ti fọ́ nínú yín. Mo bá yín kẹ́dùn. Ẹ wá yan òmíràn, kí ẹ wá jẹun. Bí oòrùn bá wọ̀ kí ọwọ́ kẹta tó pé, ààrò yín á tú ká."

Ajíbọ́yè kò mọ bí òun ṣe dé ìdí rẹ̀. Abẹ́bí ló ń dì í mú, ó pọn ọmọ, ó fa Ìbídùn lọ́wọ́. Wọ́n kò tíì dúró dáadáa tí àwọn èèyàn fi bò wọ́n. Àwọn tó dúró gbọin lẹ́yìn ọgbà láti àárọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn kò lè kọjá igi kan, ti rí ẹsẹ̀ wàyí. Àwọn tí kò ní ààrò ni, tí ọkọ̀ ìgboro kò tíì rí kó, àwọn tí wọ́n ń sùn ní ẹ̀yìn ilé onílé, tí wọ́n ń dúró kí àyè kan ṣí sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ mú wa! Èmi àti ìyá mi nìkan ni, ẹnu méjì péré!"

"Irọ́ ló ń pa, wọ́n pé márùn-ún! Bàbá, ẹ wò mí, mo lè ṣiṣẹ́ oko yín!"

"Ṣé ìwọ lo dé síbí ṣáájú mi ni? Kúrò níbẹ̀!"

Ẹnì kan fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ẹnì kejì lẹ́nu, eyín bọ́ sílẹ̀. Obìnrin kan ṣubú, wọ́n gba orí ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Làmídì káfíńtà ta apá méjèèjì, ó ń tì wọ́n sẹ́yìn, kò sì sí ìyàwó tó dì í mú nísinsìnyí. Ọwọ́ ń kan ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ẹ̀wù Ajíbọ́yè bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, wọ́n ń fà á, wọ́n ń kí i, wọ́n ń pè é ní bàbá àwọn.

Ó gbé ọwọ́ lé awo. Àmì ọwọ́ rẹ̀ pọ́n lórí irin funfun.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ nu ọwọ́ yín," ni àká wí.

Ó fi ẹ̀wù rẹ̀ nù ún, ó sì tún gbé e lé e. Abẹ́bí gbé tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun. Ta ni ẹ fẹ́ kó jẹ́ òkúta kẹta?"

"Ṣìfáwù," ni Ajíbọ́yè wí. "Ìyàwó Ṣànúsí."

Àwọn tó ń jà sọ ọwọ́ kalẹ̀. Abẹ́bí yí ojú sí i. Ètè rẹ̀ ti wú débi pé ọ̀rọ̀ kò fẹ́ẹ́ jáde.

"Bàbá. Obìnrin náà máa gbé ọwọ́ lé ibi tí ọwọ́ yín wà?"

"Bí kò bá gbé e, wọ́n á fi ọkọ̀ wá kó o, òun àti ọmọ mẹ́ta."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni."

Abẹ́bí pa ojú dé, ó ṣí i. "Mo gbà," ló sọ fún irin.

Wọn kò ní láti ránṣẹ́ pe Ṣìfáwù. Ó ti ń bọ̀. Láti òkèèrè ni àwọn èèyàn ti ń pínyà fún un. Ó gba àgbàlá Abẹ́bí kọjá, nítorí etí aṣọ rẹ̀ ti rin pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ níbi tó ti kúnlẹ̀. Omi tó fi ń wẹ ọmọ rẹ̀ ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Rájí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀. Kò sunkún. Ajíbọ́yè ni ó ń wò. Kò wo nǹkan mìíràn.

Ṣìfáwù dúró níwájú awo náà. Ó wo ọwọ́ méjì tó wà lórí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà ní ìdí èékánná ọ̀kan.

"Ẹ kú ìdúró, Ìyáa Rájí," ni àká wí. "Ààrò yìí ti yàn yín. Ẹ gbé ọwọ́ yín lé e."

Ó gbé e lé e. Kò wá àyè mìíràn. Ọwọ́ rẹ̀ gun orí ọwọ́ Ajíbọ́yè, ó tutù, ó sì ki èékánná bọ ẹ̀yìn ọwọ́ náà títí ẹran fi là. Ajíbọ́yè kò fa ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé tinútinú ni ẹ fi gbé ọwọ́ lé mi?"

Gbogbo abà ń gbọ́. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé bí ó bá ní rárá, ẹnu àká kò ní là fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìyá Ládélé wà lórí ẹní. Ìbídùn fi ara ti ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Rájí ń wo Ajíbọ́yè.

"Tinútinú ni," ni Ṣìfáwù wí.

"Ẹ kú oríire. Ẹ̀yin mẹ́ta ti di ọ̀kan."

Ẹnu àká là. Ìyẹ̀fun ṣàn sínú ọpọ́n, omi ṣàn, ike oògùn kékeré kan sì jábọ́ síwájú Ajíbọ́yè pẹ̀lú orúkọ ìyàwó rẹ̀ lára rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mú un. Ìhà rẹ̀ dùn ún débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè nà tán mọ́.

Ṣìfáwù bu ìpín tirẹ̀ sínú aṣọ tó fi wé orí. Ó bù ú dáadáa, kò jẹ́ kí hóró kan jábọ́. Nígbà tó so ó tán, ó gbé e lé Rájí lórí, ó sì yíjú sí ọkùnrin tó pa ọkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún un bí obìnrin tó ní ẹ̀kọ́ ṣe ń kúnlẹ̀ fún àgbà.

"Ẹ máa jẹun dáadáa, Bàbá," ló wí. "Ẹ máa tọ́jú ara yín. Ọmọ mi ọkùnrin yìí ń dàgbà, n kò sì fẹ́ kó pàdánù yín."